Aṣọ Yàrá Kì Í Dé Inú Omi

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdù

Òjò láti ìdájí. Àjà yàrá ẹ̀yìn tún ń jò. Mo gbé bàkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, Alága sì gun orí kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rán òjò níṣẹ́. Láti ọjọ́ tí ológbò yìí ti dé ilé ààbò àwọn ológbò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, n kò rí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn rí.

Màmá wá lọ́sàn-án pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Òun ló ni ilé, òun ló ni àwọn ológbò, òun náà ló ni ẹnu tó fi ń bá mi wí. Ó ní Tísà tó ti fẹ̀yìn tì, èyí tó wá wò wọ́n lóṣù tó kọjá, ti ránṣẹ́. Ilé rẹ̀ dákẹ́ jù láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó ń fẹ́ Ariwo, ológbò wa tí kì í panu mọ́. Ṣùgbọ́n Tísà ní òun kò ní ya ẹni méjì tó jọ ń gbé, nítorí náà òun máa mú Pẹ̀lẹ́ mọ́ ọn.

Mo ní, "Màmá, ẹ tún un sọ."

Ó ní, "Ṣé etí tìẹ náà ń jò ni? Àwọn méjèèjì, mo ní."

Mo lọ jókòó ti bàkẹ́ẹ̀tì, mo sunkún díẹ̀. Ta ló ń fẹ́ arúgbó ológbò tó fọ́jú bíi Pẹ̀lẹ́? Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń wá wo Pẹ̀lẹ́, wọ́n á ní "ó mà ṣe o," wọ́n á sì gbé ọmọ ológbò lọ. Wọ́n ti tọrọ Ariwo nìkan títí, a kò fún wọn. Bí Ariwo bá lọ, ta ni yóò máa ké níwájú kí Pẹ̀lẹ́ lè mọ ọ̀nà ìdí abọ́?

Ọjọ́rú, 5 Òkúdù

Wọ́n gbé ológbò kan wá láti abẹ́ ọkọ̀ tó ti dẹnu kọlẹ̀. Obìnrin ni, ó rù, ó sì ń fi imú tọ ohun gbogbo wò. Kí n tó jẹun ọ̀sán mo ti sọ ọ́ ní Òfófó.

Kí n tó sọ ọ́ sí àárín àwọn tó kù ní yàrá ẹ̀yìn, mo fi aṣọ yàrá nù ún lára láti orí dé ìrù. Aṣọ yàrá kì í dé inú omi. Òfin Màmá ni, mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo gbaṣẹ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì àlòkù kan ni. Gbogbo wọn ti sùn lé e, gbogbo wọn ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nù ún, àwọn tó ti kú pàápàá, òórùn wọn wà níbẹ̀. Ó ń rùn, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń rùn bí wọ́n ṣe ń rùn ti di ará ilé nìyẹn.

Pẹ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ wá. Ó gbóòórùn rẹ̀ lójú, ó gbóòórùn rẹ̀ nídìí, ó yí padà lọ sùn. Alága sọ̀kalẹ̀, ó wò ó, ó tún gòkè. Ariwo ló kù, ó sì ké títí tí gbogbo òpópónà fi mọ̀ pé àlejò dé. Kò sí ìjà rárá.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi nígbà tí mo délé. Ó ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ní, "Ká ní ìyá mi ti fi aṣọ nù ọ́ lára lọ́jọ́ tí mo mú ọ wálé ni, ìjà ì bá dín kù." Mo ní aṣọ wo ló wà nílé yín nígbà náà tí wọ́n máa fi nu èèyàn lára tí kò ní sá lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Òkúdù

Mo fẹ́ kọ bí wọ́n ṣe ń jẹun, nítorí bí àwọn méjèèjì bá lọ tán, n kò ní rí i mọ́.

Bí mo bá ti fi ṣíbí lu abọ́, ẹsẹ̀ gìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Alága ló máa ń ṣíwájú, kò sẹ́ni tó jẹ́ bá a du ú. Òfófó ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti mọ àyè rẹ̀. Ariwo kì í sáré ní tirẹ̀. Ó máa dìde lórí àga tí òun àti Pẹ̀lẹ́ jọ ń sùn, á ké lẹ́ẹ̀kan, á rìn díẹ̀, á dúró, á wẹ̀yìn, á tún ké. Pẹ̀lẹ́ á máa tẹ̀lé ohùn yẹn, irunmú rẹ̀ á nà síwájú, títí imú rẹ̀ á fi kan ìrù Ariwo. Ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, Ariwo máa ń dúró pẹ́ kí ó tó dá a lójú pé Pẹ̀lẹ́ ti gbẹ́sẹ̀. Wọ́n á jọ dé ìdí abọ́. Bí wọ́n bá jẹun tán, Pẹ̀lẹ́ á di orí Ariwo mọ́lẹ̀ bí ìyá tó ń wẹ ọmọ, á lá etí rẹ̀ méjèèjì fún un. Ariwo tí kì í dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni á dákẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ òní, Ariwo gun itan mi, ó sùn síbẹ̀ bó ṣe máa ń sùn láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tó ń bọ́ sílẹ̀ ó fi èékánná fa àpò aṣọ iṣẹ́ mi ya. Mo ká aṣọ náà sínú ọ̀rá, mo gbé e fún télọ̀ tó fẹ́ mi sílé. Ó ní ọ̀la. Mo mọ ọ̀la télọ̀.

Ariwo sín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Òkúdù

Ọ̀fìnkìn ti wọ ilé. Mẹ́ta ní yàrá iwájú, Ariwo àti Alága ní ẹ̀yìn. Ojú wọn ń ṣe ipin, imú wọn dí. Dókítà ẹran wá, ọmọbìnrin tí kì í jókòó yẹn. Ó ní kí a ya àwọn tó ń ṣàìsàn sọ́tọ̀, kí a fi òògùn apakòkòrò nu ilẹ̀, kí a sì se gbogbo ohun tí wọ́n ń sùn lé. "Gbogbo rẹ̀ o, Àǹtí. Ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Màmá kò lè wá, orúnkún rẹ̀ kò gba òjò. Mo gbé ìkòkò ńlá kaná, mo sì se gbogbo rẹ̀: tìmùtìmù, aṣọ ìnura, bùláńkẹ́ẹ̀tì, aṣọ yàrá ló kẹ́yìn. Omi tó jáde lára rẹ̀ dúdú kirikiri. Inú mi dùn pé irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ kúrò lára àwọn ọmọ mi. Mo kúnlẹ̀ nu ilẹ̀ títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀ fún mi. Gbogbo ilé ń rùn bí ilé ìwòsàn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Òkúdù

Ohùn Ariwo ti lọ. Ó la ẹnu, ó ṣe gbogbo ìṣe ẹni tó ń ké, kò sí ohun tó jáde. Èmi tí mo ti bẹ̀ ẹ́ láìmọye ìgbà pé kó panu mọ́.

Ọ̀fun rẹ̀ ló wú. Dókítà ní ó gbọ́dọ̀ bá òun lọ nítorí kò lè mí dáadáa. A gbé e sínú apẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ fi imú tẹ̀lé apẹ̀rẹ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà, a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ajé, 17 Òkúdù

Òjò, òjò, òjò. Aṣọ kò gbẹ. Ẹja inú agolo tún ti gbówó lórí. Mo bá oníṣọ́ọ̀bù jà, ó ní kì í ṣe òun ló ń bí ẹja.

Alága ti ń gbádùn, mo mọ̀ nítorí ó ti padà sí kíkórìíra mi. Ọ̀kan nínú àwọn ti yàrá iwájú kú láàárọ̀, ọmọ kékeré aláwọ̀ eérú tí a kò tíì sọ lórúkọ.

Pẹ̀lẹ́ kò kó àìsàn náà, ṣùgbọ́n kì í wá sídìí abọ́. Bí mo bá lu abọ́, á gbé orí sókè, á máa dúró kí ẹnìkan ké. Mo gbìyànjú láti ké bí Ariwo. Òfófó wò mí. Alága wò mí. Pẹ̀lẹ́ yí ojú sí ògiri. Mo gbé abọ́ náà lọ bá a lórí àga, ó fẹnu kàn án díẹ̀ nítorí tèmi.

Ọjọ́bọ̀, 20 Òkúdù

Dókítà ránṣẹ́ pé Ariwo ti fẹnu ara rẹ̀ jẹun. Ohùn kò tíì dé. Mo jó díẹ̀ ní kíṣìnnì, n kò ní kọ irú ijó tó jẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Òkúdù

Kí ni mo ṣe yìí?

Wọ́n gbé Ariwo dé láàárọ̀. Ó rù, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń run òògùn àti ìtọ̀. Tísà sì ń bọ̀ lọ́sàn-án láti wá wo àwọn méjèèjì. Mo ní ọmọ mi kò ní jáde sójú àna rẹ̀ báyìí. Mo po omi lọ́wọ́ọ́wọ́, mo mú ọṣẹ olóòórùn dídùn tí èmi fúnra mi ń ṣọ́ lò, mo wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo nù ún gbẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun rẹ̀. Ó ń dán. Ó ń ta sánsán bí ìyàwó tuntun. Iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í sábà wù mí tó bẹ́ẹ̀.

Tísà dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀. Mo ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó lè fojú ara rẹ̀ rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn tó. Mo sọ Ariwo sílẹ̀. Ó sáré tọ Pẹ̀lẹ́ lọ lórí àga, ó la ẹnu láti kí i, ohùn kò jáde. Ó na imú sí i.

Pẹ̀lẹ́ fò sókè bí ẹni tí iná jó. Ó fín sí i bí ejò, ó gbá a lójú, ẹ̀jẹ̀ yọ ní imú rẹ̀. Ariwo kò sá. Ó tún na imú, Pẹ̀lẹ́ tún gbá a. Lẹ́yìn náà Pẹ̀lẹ́ já bọ́ láti orí àga, kò mọ ibi tó ń lọ, ó forí sọ ògiri, ó wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tọ̀ sára níbẹ̀. N kò gbọ́ kí ó fín sí ẹnikẹ́ni rí. Ìṣe rẹ̀ la wò tí a fi sọ ọ́ lórúkọ.

Tísà ní, "Ẹ sọ fún mi pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n."

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, sà."

Ó ní òun á padà wá bí ìjà bá parí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí. Ti Pẹ̀lẹ́, imú àti etí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Àìsàn ti mú ohùn Ariwo lọ, èmi sì fi ọwọ́ ara mi fọ òórùn rẹ̀ dànù. Kí ló kù lára rẹ̀ tí Pẹ̀lẹ́ lè fi mọ̀ ọ́n? Àjèjì kan tí kò lóhùn, tó ń run ọṣẹ, ló fò lé e lórí.

Ọjọ́ Ajé, 24 Òkúdù

Màmá fi ọ̀pá ti ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ṣé ìyẹn náà ló mú ọ ronú báyìí? Fi aṣọ yàrá nu àwọn méjèèjì. Kí lò ń dúró dè?"

Mo tún aṣọ ìnura tí mo ti ká tẹ́lẹ̀ ká. Ó ní, "Níbo ló wà?"

Mo mú un wá. Ó gbé e sí imú. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó fọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa, ó ti rọ̀, ó ti mọ́.

"Ìwọ lo fọ̀ ọ́?"

"Dókítà ní kí n se gbogbo rẹ̀, Màmá."

"Mi ò bá Dókítà wí."

Ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ì bá sàn kó bú mi. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn rí pẹ̀lú ẹnu gígùn.

Ọjọ́rú, 26 Òkúdù

Kápẹ́ńtà wá fi wáyà dá yàrá ẹ̀yìn sí méjì, Pẹ̀lẹ́ lápá kan, Ariwo lápá kejì. Kápẹ́ńtà àti Alága kò gbọ́ ara wọn yé, ó jọ pé Alága kò fọwọ́ sí i.

Dókítà ṣàlàyé ohun tí a máa ṣe. Aṣọ tuntun, kí a fi nu Ariwo lẹ́rẹ̀kẹ́, kí a tẹ́ ẹ sábẹ́ abọ́ Pẹ̀lẹ́. Aṣọ mìíràn láti ọ̀dọ̀ Pẹ̀lẹ́ sọ́dọ̀ Ariwo. Ẹja sí ẹ̀bá wáyà lọ́tùn-ún lósì. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Àǹtí." Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ yàrá fún un. Ó ní bí mi ò bá sè é, Pẹ̀lẹ́ náà ì bá kó ọ̀fìnkìn. Ó ní òun ló yẹ kó sọ fún mi pé kí n gé díẹ̀ pa mọ́. Ó ṣeun tó bá mi gbé e, ṣùgbọ́n ẹrù náà kò fúyẹ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni Alága. Ó sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tọ Ariwo lọ, ó gbóòórùn ọṣẹ yẹn, ó ṣe ojú kan, lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ nù ún lẹ́jìká. Òfófó náà ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ojú, wọ́n rí i pé òun ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Òkúdù

Pẹ̀lẹ́ jẹ ẹja díẹ̀ ní ẹ̀bá wáyà. Mo di ẹnu mi mú kí n má bàa kígbe. Ìgbà náà ni Ariwo yí ara padà ní òdìkejì, Pẹ̀lẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀, ó fín, ó sì padà sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ariwo kì í kúrò ní ìdí wáyà. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Ó dùn mí débi pé mo gbé aṣọ bo wáyà náà, lẹ́yìn náà ojú tì mí, mo ká a kúrò.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Òkúdù

Ọjọ́ ìsinmi mi, mo lọ. Pẹ̀lẹ́ kò jẹun láti àná. Mo fi sìríńjì ki oúnjẹ olómi sí i lẹ́nu, ìdajì rẹ̀ wà lára mi. Dókítà yẹ inú etí rẹ̀ wò, ó fi hàn mí: ó ti ń pọ́n. Ó ní bí ológbò kò bá jẹun, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bàjẹ́, arúgbó sì ni. Ó ní bí kò bá fẹnu ara rẹ̀ jẹun láìpẹ́, òògùn kò ní ran án. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́, kò wo ojú mi.

Mo wá sílé, mo fọ abọ́ tó mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Agẹmọ

À ń jẹun ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́, ọkọ mi ní, "Aṣọ iṣẹ́ rẹ tó ya lápò yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lábẹ́ òkìtì. Irun ológbò tó wà lára rẹ̀ tó hun fìlà. Mo ní kí n kó o sómi ná kí n tó rán an."

Mo dìde dúró. Mo ní, "O ti kó o sómi?"

"Ṣé kí n má jẹun ni?"

Mo ti sáré dé ṣọ́ọ̀bù kó tó fọwọ́. Ọ̀rá náà wà lórí tábìlì, bí mo ṣe dì í náà ló wà. Mo tú u, mo gbé aṣọ náà sí imú. Ariwo ni. Ariwo tí kò tíì ṣàìsàn, tí kò tíì rí ọṣẹ, gbogbo ìgbà tó fi itan mi ṣe ibùsùn. Mo jókòó sórí àga ìránṣọ, mo sunkún. Ọkọ mi dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ohun tó ṣe. Ó ní, "Mo ní ọ̀la, àbí n kò ní ọ̀la?" Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, ọjọ́ kìíní rèé tí ọ̀la rẹ̀ ṣe mí lóore.

Ọjọ́rú, 3 Agẹmọ

Mo tẹ́ aṣọ náà síwájú kọ́bọ́ọ̀dù, mo jìnnà sí i. Màmá jókòó tì mí, Dókítà náà wá.

Imú Pẹ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ó dúró. Ó tún jáde díẹ̀. Ó fi imú tẹ̀lé etí aṣọ náà dé ibi àpò, ó dúró níbẹ̀ pẹ́, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó gun orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tó ń mu ọmú, ó sì ń kùn. Mo ti gbàgbé bí kíkùn rẹ̀ ṣe ń dún. Ó di àpò náà mọ́lẹ̀, ó ń lá a, ó lá apá kan tán, ó bọ́ sí apá kejì.

Aṣọ ni ó ń lá. Ariwo jókòó sẹ́yìn wáyà, kò ju ibi tí ọwọ́ lè nà dé lọ, ó ń wò ó.

Pẹ̀lẹ́ jẹ ẹja lórí ìka mi, bíńtín. Dókítà ní kí a fi aṣọ náà nu Ariwo lára, kí a ṣí wáyà sílẹ̀, kí a má sì tì í. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ariwo wá dé ẹnu àyè tí a ṣí náà, ó dúró. Ẹni tí wọ́n gbá lójú lẹ́ẹ̀mejì ti kọ́gbọ́n. Mo fẹ́ fọwọ́ tì í lọ, Màmá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "O ti bá wọn ṣe tó."

A fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a lọ sílé.

Ọjọ́bọ̀, 4 Agẹmọ

Pẹ̀lẹ́ kú.

Mo bá a lórí aṣọ iṣẹ́ mi láàárọ̀, orí rẹ̀ wà nínú àpò tó ya. Ariwo sùn tì í lẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan lé e. Ara Pẹ̀lẹ́ ti tutù.

N kò mọ̀ bóyá Ariwo ti wá síbẹ̀ kí ó tó kú, tàbí lẹ́yìn tó kú tán, nígbà tí kò sẹ́ni tó máa gbá a lójú mọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù láyé lónìí nìyẹn. Mo fọwọ́ kan etí Ariwo bóyá wọ́n lá a. Ó gbẹ. Ṣùgbọ́n etí tí wọ́n bá lá lóru á ti gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo bi Dókítà, ó ní kò sí bí òun ṣe lè mọ̀. Mo bi Màmá, ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀ kó tó kú." Ó yára dáhùn jù.

Ọkọ mi ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wá gbẹ́ ilẹ̀ nínú òjò lábẹ́ igi ẹ̀yìn ilé. Mo fẹ́ fi aṣọ náà sin ín. Màmá ní rárá, ẹni tó kù ló ni ín báyìí. Ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo mọ̀ pé ó fi ń tù mí nínú ni. Ṣùgbọ́n omi náà ni mo ń sunkún rẹ̀, n kò bèèrè agbè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Agẹmọ

Ohùn Ariwo padà láàárọ̀.

Mo lu abọ́. Ó dìde lórí àga, ó ké. Ó kọ́kọ́ há, lẹ́yìn náà ó mọ́, ohùn rẹ̀ àtijọ́ gan-an. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó wẹ̀yìn, ó tún ké. Ó dé ibi tí ilẹ̀ ti ga lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀ kí ẹnìkan gbẹ́sẹ̀. Ó dúró, ó dúró, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Kò dé ìdí abọ́. Ó padà sórí àga.

N kò lè kọ̀wé mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Agẹmọ

Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo bọ́ bàtà, mo ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé Ariwo lẹ́yìn. Bó bá dúró, mo dúró. Bó bá ké, mo rìn. Bí mo bá ti rékọjá ibi tó ga yẹn, ó ń lọ síwájú, ó sì ń jẹun. Kápẹ́ńtà wá yọ wáyà, ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ó ní ṣé kí òun wá mú mi lọ sílé ni. Mo ní kó yọ wáyà rẹ̀.

Alága dúró sídìí abọ́ lónìí, kò jẹun títí Ariwo fi dé. Alága, tí kò dúró de ẹnikẹ́ni rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Agẹmọ

Òjò dá. Mo ti ránṣẹ́ sí Tísà pé ẹyọ kan ló kù, pé kò pọn dandan kó wá. Ó wá, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tó tóbi fún méjì. Ó ní òun ti rà á tẹ́lẹ̀. Ó bèèrè ibi tí a sin Pẹ̀lẹ́ sí, ó lọ dúró síbẹ̀, ó ṣí fìlà. Kò bi mí léèrè ohun tó pa á, èmi ni mo sọ ọ́ fún un, látorí ọṣẹ dórí aṣọ. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ìyàwó mi fẹ́ràn ọṣẹ olóòórùn. Èmi náà ì bá wẹ̀ ẹ́."

Ọkọ mi ti gé àpò náà kúrò lára aṣọ iṣẹ́ mi, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ yíká dáadáa, lọ́jọ́ kan náà tí mo tún gbé e fún un. Mo tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀. Ìyókù aṣọ náà ti di aṣọ yàrá, Òfófó ti wà lórí rẹ̀. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ o."

Ariwo kọ̀, kò wọ apẹ̀rẹ̀. Tísà ní kí n jẹ́ kó rìn dé ìdí ọkọ̀, òun náà kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun. Ariwo bọ́ sílẹ̀, ó ké, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ibi tó ga yẹn, ó dúró. Ó wẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́ wa kọjá sọ́dọ̀ àga, ó sì ké.

Tísà ní, "Kí ló ń dúró dè?"

Mo wo àga náà. Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

Ó ní, "Èmi?" Ó yára wọ́ ẹsẹ̀ òsì yẹn tẹ̀lé e, kí ológbò má bàa dúró pẹ́.